Àkọ́so Ọkọ̀

Onígbòǹgbò,
Ìkejà, Èkó.
Oṣù Kejìlá.

Bùsáyọ̀, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo kí Kíkẹ́lọmọ ìyàwó rẹ, mo sì kí Divine ọmọ wa. Mo gbà á ládùúrà pé òtútù Kánádà kò wọ̀ yín lára, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, pé oúnjẹ sì ń dùn lẹ́nu yín. Ní tiwa níbí, a ń jí, a ń jẹ, a ń sùn. Felix ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọbá Àkràn, Adéìfẹ́ náà ń ṣe dáadáa nílé ìwé. Tí mo bá wá ní àlàáfíà la wà, irọ́ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà láyé tí gbogbo ènìyàn ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì mọ ara wa. Tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, n ó bú sẹ́kún, ìwọ á máa bẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ á sì dà nù láàárín wa. Déolú tí òun àti Felix jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wá kí ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, òun ni mo fi rán. O ti ń bi mí léèrè ìdí tí Màmá fi máa ń kọjú sí ògiri nígbà tí Divine bá ń jó fún un lórí fídíò. Mo ń sọ fún ọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìkọ̀lé ni kò dára. Kò sí ohun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, orí ọkọ̀ náà ni mo sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

O rántí pé ojú òsì Màmá ti kú kí o tó rìnrìn àjò. Ọ̀tún nìkan ló kù tó fi ń ríran. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni Olúfọlákẹ́, ọmọ àbúrò Bàbá wa tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá, pè mí pé Màmá ti ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife. Màmá ní ife náà ni kò dúró dáadáa. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Adó. Dókítà ní omi inú ojú yẹn ti ga jù, ó ń pa iṣan tó ń jẹ́ kí ènìyàn ríran. Ó ní kí a tètè gbé e wá sí Èkó, ibi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, torí ìwọ̀nba ìríran tó kù la lè gbà là. Èyí tó bá ti lọ kì í padà.

Ìṣòro wa ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ṣubú lóko tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì jinná ní nínà bí ọ̀pá, kò ṣeé ká mọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí fún un lọ sí Adó. A dán bọ́ọ̀sì èrò wò nígbà kan, kò tíì jìnnà sí Ìkọ̀lé tó fi ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, ìrora pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi ìyá wa sínú ọkọ̀ ẹni tí a kò mọ̀, o mọ bí ojú ọ̀nà ti rí láyé ìsinsìnyí. Ìdí tí a fi pinnu láti ra ọkọ̀ nìyẹn, tí ìwọ náà sì fi tọwọ́ rẹ kún un. Ọlọ́run yóò san án fún ọ.

Èmi àti Felix lọ sọ́dọ̀ Muhydeen, ọkùnrin kan tó ń ta tòkúnbọ̀ lójú ọ̀nà Agége. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò parọ́ fún wa. Ó kọ́kọ́ mú Kòrólà kékeré kan jáde. Mo ní kí ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo wọlé, mo jókòó bí Màmá ṣe máa ń jókòó, mo fẹ́ na ẹsẹ̀, orúnkún mi kan àga iwájú. Mo bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọ inú ọkọ̀ kan jáde sí òmíràn, títí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ fi ń rẹ́rìn-ín pé ṣé ìyáàfin yìí fẹ́ ra ọkọ̀ ni àbí ó fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì.

Ìgbà náà ni mo rí i ní ìkángun ọgbà, ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, funfun, gbọọrọ, tí ekuru ti bò. Muhydeen kò tiẹ̀ fẹ́ mú wa débẹ̀. Ó ní, "Mummy, mi ò ní tan yín, mọ́tò yìí á mu epo o. Àwọn bàbá arúgbó òyìnbó ló máa ń lò ó, ẹ́ńjìnì ẹ̀ still dey intact, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń kọjá nílé epo, ó máa ń fẹ́ yà." Mo bọ́ bàtà, mo wọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sùn gbalaja. Orí mi kò kan ilẹ̀kùn kan, ẹsẹ̀ mi kò kan èkejì. Bùsáyọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀.

Felix tiẹ̀ ti gbàgbé pé Màmá ló gbé wa wá. Ó ń fọwọ́ pa á lára, ó ń sọ pé irú èyí ni ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fi ń lé olè nínú fíìmù. Mo sọ fún un pé a kò fẹ́ lé olè, ìyá mi la fẹ́ gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Tinú, ọkọ̀ kan lè ṣe iṣẹ́ méjì. Tó o bá ń rí i pé Felix ni mò ń kọ, tí mi ò kọ Bàbá Adéìfẹ́ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́, inú ló ń bí mi.

Nígbà tí ọkọ̀ náà dé Onígbòǹgbò, ó dọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Tí imú rẹ̀ bá kan ògiri ilé, ìdí rẹ̀ ṣì wà lójú títì, géètì kò ṣeé tì. Àwọn ayálégbé ní kí a kúkú yá òpópónà mọ́ ilé. Mi ò bínú sí wọn. Mo pe Màmá, mo ní a ti ra ọkọ̀ tí yóò lè na ẹsẹ̀ sí, a ń bọ̀ wá mú un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Olúfọlákẹ́ sọ fún mi pé kí ilẹ̀ tó ṣú ni Màmá ti ní kí wọ́n di ẹrù òun.

Wàyí o, o mọ ìjọ wa ní Agége. Ohunkóhun tí ọmọ ìjọ bá ní, àkọ́so rẹ̀ ti Olúwa ni. Bí owó oṣù àkọ́kọ́ ṣe rí ni ọkọ̀ rí. A kì í fi ọkọ̀ tuntun rìnrìn àjò kí wọ́n tó yà á sí mímọ́. Lẹ́yìn ìyàsímímọ́ náà, iṣẹ́ Olúwa ni yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn kí olówó rẹ̀ tó lò ó. Mi ò bá wọn jiyàn. Inú ìjọ yẹn ni wọ́n ti bá mi gbààwẹ̀ títí mo fi bí Adéìfẹ́, n kò lè sọ pé kí wọ́n má gbàdúrà sí ọkọ̀ mi. Felix ní kò ju kí a gbé Wòlíì Moses, olórí ìjọ, láti ilé rẹ̀ ní Maryland wá sí ìsìn ọjọ́ Àìkú. Mo ní kò burú.

Wọ́n bu omi sí ọkọ̀, wọ́n ta òróró sí táyà, a kọrin, a yí i po. Lẹ́yìn èyí ni Wòlíì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tòun ti sùtánà rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó mí kanlẹ̀, ó dijú díẹ̀, ó wá sọ fún Felix pé ọkọ̀ yìí yẹ iṣẹ́ Olúwa. Ojú Felix tàn. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àga Màmá.

Nígbà tí Felix lọ sọ fún un pé a fẹ́ máa lọ sí Ìkọ̀lé, Wòlíì kò bínú, ohùn tútù ló fi dá a lóhùn. Ó ní àkọ́so kò lè jẹ́ ìrìn ẹyọ kan fún ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bí ọkọ̀ bá ṣe tóbi tó ni àkọ́so rẹ̀ ṣe máa tóbi tó." Kí ọkọ̀ sin Olúwa títí di àjọ̀dún ìkórè, lẹ́yìn náà kí a máa gbé e lọ ibi tó bá wù wá. Bí mo bá ti ra Kòrólà yẹn ni, bóyá ìrìn kan ṣoṣo ni àkọ́so rẹ̀ ì bá jẹ́. Gígùn tí mo tìtorí Màmá rà ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ Màmá.

Àkókò yẹn ṣì jìnnà sí ìkórè. Bí Felix bá ti kúrò níbi iṣẹ́, Maryland ló ń gbà lọ. Ó ń gbé Wòlíì lọ sí Allen, níbi tó ti ń bá àwọn olówó gbàdúrà sínú ọ́fíìsì àti òtẹ́ẹ̀lì. Ó ń gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ibi ìṣílé, ibi òkú. Bẹ́ẹ̀ ni owó epo ń jáde nílé wa. Wọ́n sọ Felix di Alàgbà láàárín ìgbà yẹn, wọ́n so ìgbànú aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn nídìí, ó sì dúró níwájú dígí ilé wa, ó ń wo ara rẹ̀ níwá lẹ́yìn. Ọkùnrin tó ti ń gbálẹ̀ ìjọ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tí ẹnikẹ́ni kì í pè síwájú. Mo mọ̀ pé ó dùn mọ́ ọn. Ohun tó dùn mọ́ ọn yẹn ló ń ta mí títí di òní.

Mo pè ọ́ nígbà náà. Mo fẹ́ kí o rántí. Mo ní Felix kò fẹ́ mú ọkọ̀ kúrò nínú ìjọ. Ìwọ náà dáhùn pé kí n ní sùúrù, kí n má bá ọkọ mi jà nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, pé Màmá fúnra rẹ̀ ní òun wà dáadáa. Lóòótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá pè é, á ní ojú òun kò burú, òun rí adìyẹ tó ń kọjá lágbàlá. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Olúfọlákẹ́ ló ń sọ ohun tó wà níwájú fún un sí etí, kí Màmá lè tún un sọ fún mi. Kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń dà wá láàmú.

Nígbà tí ìkórè kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Olúfọlákẹ́ kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ó pè mí, ó ní, "Àǹtí Tinú, ọwọ́ ni Màmá fi ń wá ẹnu ọ̀nà báyìí." Mo sọ fún Felix. Ó sáré lọ bá Wòlíì. Wòlíì ní òun ti rí ojú ọ̀nà Iléṣà lójú ìran, nǹkan pupa dà sí i, ọkọ̀ tí a bá fà kúrò nínú àkọ́so kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé kò ní bọ́ níbẹ̀. Felix padà wálé, kò lè jẹun. Ó ní, "Tinú, tí mo bá fi tipátipá mú un, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ àti Màmá lọ́nà, kí ni màá sọ fún Adéìfẹ́?" Mo mọ̀ pé ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò la ojú ìyá mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọpẹ́ jáde síwájú, mo jáde. Mi ò dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú Wòlíì, mo ní, "Bàbá, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá mi ń fọ́jú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ọkọ̀ wa." Wòlíì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní ẹni tó bá fi ìyá ṣáájú Ọlọ́run ni ojú rẹ̀ fọ́ jù. Ó ní kí wọ́n kọrin. Felix ló wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn mi tòun ti ìgbànú búlúù, ó ń tọrọ àforíjì lórúkọ mi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì bá a jẹun pọ̀.

Ìkórè kọjá. Wọ́n dá ọkọ̀ sílẹ̀ fún wa. A kúrò ní Èkó ní ìdájí, a gba Iléṣà kọjá, ojú ọ̀nà dá wáí, kò sí nǹkan pupa kankan níbẹ̀. Mo wo ojú Felix nígbà tí a kọjá ibẹ̀. Iwájú ló ń wò.

Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ó ti wọ aṣọ àrán tó fi máa ń lọ sí ìsìn ọdún, ó sì na ọwọ́ síta láti kí wa, ṣùgbọ́n ibi tí kò sí ẹnìkankan ló nà án sí. Mo lọ dúró síbẹ̀ kí ó lè bá mi. Ó ní kí a mú òun dé ìdí ọkọ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ọ láti imú lọ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń súre fún Felix, ó ní àna tó fún òun nírú nǹkan báyìí kò ní rìn ní arìnfẹsẹ̀sí. Felix kò lè ṣe àmín. Nígbà tí a gbé e wọlé tó na ẹsẹ̀, ó pariwo pé, "Ó gbà mí! Tinú, ó gbà mí o!"

Mo ní kí a kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ dókítà Adó, kí ó wò ó kí a tó forí lé Èkó. Ó tan iná sí ojú náà, ó tún un tàn. Ó ní kí Màmá sọ ìgbà tí iná bá kúrò. Iná ti kúrò tipẹ́, Màmá ṣì ń sọ pé òun rí i. Dókítà náà pa iná rẹ̀, òyìnbó ló fi bá wa sọ̀rọ̀ kí Màmá má baà gbọ́. Ó bi wá pé níbo la wà láti ìgbà yìí. Ó ní kò sí nǹkan tí wọ́n máa ṣe fún un l'Èkó mọ́, kí a má wulẹ̀ da ìyá arúgbó láàmú.

A mú un padà sínú ọkọ̀. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó gbé báàgì rẹ̀ sáyà. Felix ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò yí i. A jókòó bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà ọsibítù, àwọn tó fẹ́ kọjá ń fun fèrè fún wa, torí ọkọ̀ náà dí ọ̀nà. Màmá dúró, dúró, kò gbọ́ kí ọkọ̀ ké. Ó wá béèrè pé, "Níbo là ń lọ báyìí?"

Felix yí kọ́kọ́rọ́, a forí lé Ìkọ̀lé padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, Bùsáyọ̀. Mi ò ní kí o bá Felix jà, mi ò sì ní kí o má bá a jà. Ìyá ìwọ náà ni. Mo wà pẹ̀lú Màmá ní Ìkọ̀lé fún ìgbà díẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí Onígbòǹgbò ni. Ó ń rìn káàkiri ilé, ó ti mọ iye àtẹ̀gùn, ó sì ń bi mí bóyá wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà. A kò tíì sọ fún un.

Kí Ọlọ́run tí kì í gba àkọ́so lọ́wọ́ afọ́jú ṣọ́ ilé rẹ fún ọ. Ojú rẹ kò ní fọ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Divine yóò dàgbà lójú rẹ, yóò gbé ọ nígbà tí ara bá ń fẹ́ gbígbé, kò sì ní pẹ́ jù kó tó dé. Kíkẹ́lọmọ yóò jẹ èrè ọmọ. A ó fojú kan ara wa láìpẹ́, ní ìdùnnú.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí a jọ mu ọmú kan náà,

Tinúọlá.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí nígbà tí wọ́n mú iṣẹ́ Wòlíì wá. Ó ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ Màmá, ó ká òun lára. Ó fẹ́ ṣe àdúrà ìlàjú fún un, kí Alàgbà Felix lọ fi ọkọ̀ gbé e wá sí Agége kíákíá. Mo ní kí ẹni tó jíṣẹ́ náà padà lọ sọ fún un pé Màmá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà.